Ẹni Tó Bá Dá Òkú Lóhùn

Èmi àti Benna, ìyá ọkọ mi, kì í ṣọ̀rẹ́. Gbogbo erékùṣù wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé àwa méjèèjì kì í fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun jáde. Tó bá bú mi níbi tí a ti ń fún wàrà, màá ti dá a padà fún un kí ìkòkò tó kún. Ó ní búrẹ́dì mi le bí àtẹ́lẹsẹ̀ apẹja. Mo ní eyín rẹ̀ tó ti ká ni kò jẹ́ kó mọ adùn. Ohun tó wá ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín ni pé ohùn wa jọra bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wa, ohùn tó le, tó ń ha ni létí. Tarak ọkọ mi máa ń sọ pé tí wọ́n bá pe òun láti ilé nígbà tí òun wà létíkun, àfi kí òun dúró gbọ́ èébú tó máa tẹ̀lé e kí òun tó mọ ẹni tó pe òun nínú àwa méjèèjì. Nígbà tí a bá sì jókòó ti iná, màá sín ìyá rẹ̀ jẹ, màá ká ètè mi sínú bíi tirẹ̀, Tarak á rẹ́rìn-ín títí á fi máa bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́.

Benna kú nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀. A tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ òkúta létí bèbè bí a ti ń ṣe, a fi í sílẹ̀ fún ẹyẹ idì àti afẹ́fẹ́. Nígbà tí ọkà-bálì máa fi yọrí nínú ilẹ̀, eegun rẹ̀ ti mọ́ tónítóní, ó sì di dandan kí ọmọ rẹ̀ tó kéré jù gbé e lọ bá àwọn tó ṣíwájú nínú Ilé Òkúta, ibojì wa tó wà lábẹ́ òkìtì erùpẹ̀. Tarak ni àbígbẹ̀yìn.

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ara mi ò ti balẹ̀. Òjò tó rọ̀ nígbà òtútù yẹn kúrò ní kékeré. Erùpẹ̀ orí òkìtì náà rọ̀ débi pé ẹsẹ̀ àgùntàn ń rì sínú rẹ̀, omi sì ń sun láàárín àwọn òkúta ẹnu ọ̀nà níbi tí mi ò ti rí omi rí. Mo lọ bá Moru, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ yìí rọ̀ jù. Ṣé ẹ ò rí i ni? Ẹ jẹ́ ká dúró kí oòrùn ràn sí i díẹ̀."

"Ìyàwó wa, ìyá wa ti wà níta látìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Àbí ìwọ ò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n wọlé rárá?"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ẹni tó fi gbogbo ayé bá òkú jà, tó bá ní kí wọ́n dá ìsìnkú dúró, ta ló máa gbà pé tìtorí ilẹ̀ rírọ̀ ni? Mo pa ẹnu mi mọ́, ẹni tó bá sì mọ̀ mí mọ̀ pé kì í ṣe ìwà mi.

Oskan, àgbàlagbà tó ń tọ́jú Ilé Òkúta, gbé fìtílà tí a fi ọ̀rá séálì, ẹran inú òkun, tàn lé Tarak lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló mú òkúta róbótó kan tí òkun ti fọ̀ dán, ó fi sí i lẹ́nu. Kò sí ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ nínú wa. Ọ̀rọ̀ sísọ máa ń wu àwọn òkú. Wọ́n á yá ohùn ẹni tí o mọ̀, wọ́n á fi pè ọ́, ẹni tó bá sì dá wọn lóhùn ti di tiwọn. Bó tilẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, dandan ni kí a dá a padà sínú ilé kí a sì dí ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá wọlé fi ń di òkúta mọ́ ẹnu títí á fi jáde.

"Bó o bá gbọ́ ohùn bàbá rẹ ńkọ́?" Oskan bi í bí àṣà.

Tarak mi orí pé rárá.

"Bó o bá gbọ́ ohùn ìyá rẹ ńkọ́?"

Ó tún mi orí, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mì í.

"Bó o bá gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ìyẹn ò ṣeé dákẹ́ fún o," ni Moru dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. "Kódà kéèyàn wà nísàlẹ̀ òkun, á gbọ́ ìyẹn."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí pé òótọ́ ni. Tarak ti fìtílà ṣíwájú, ó rákòrò wọlé, ó ń fa awọ màlúù tí a fi di eegun ìyá rẹ̀ tẹ̀lé ara rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo rí kẹ́yìn.

Iṣẹ́ inú ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Èèyàn á kọ́kọ́ ti eegun àwọn tó ti pẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á wá to ti ẹni tuntun, á gbé orí rẹ̀ lọ sáàárín àwọn orí yòókù. A jókòó síta à ń retí. Mo ń gbọ́ tí eegun ń kan eegun jẹ́jẹ́ nínú lọ́hùn-ún, mo sì ń sọ fún ara mi pé níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń gbọ́ ọ, kò séwu.

Ohun tó tẹ̀lé e kì í ṣe ariwo ńlá. Ó dà bí ìgbà tí màlúù bá mí kanlẹ̀ nínú òkùnkùn. Atẹ́gùn tútù kan rọ́ jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé eruku dání, orí òkìtì náà sì jìn lójú gbogbo wa, bí ibùsùn ṣe ń jìn tí èèyàn bá jókòó sí i. Òkúta pẹlẹbẹ tó bo àárín ọ̀nà ti já, erùpẹ̀ ti rọ́ tẹ̀lé e.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ti wà nínú ọ̀nà náà kí ẹnikẹ́ni tó dá mi dúró, mo ń fi ìgbúnwọ́ rìn, títí orí mi fi kan òkúta náà. Ó dábùú ọ̀nà, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ihò kan wà létí rẹ̀ tí apá mi gbà dé èjìká. Mo na apá mi wọ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ni mo bá. Mo wo inú rẹ̀, kò sí iná fìtílà.

"Tarak!"

Omi ń kán. Kò sí ohun mìíràn tí mo gbọ́. Wọ́n di ẹsẹ̀ mi mú, wọ́n fà mí jáde sẹ́yìn bí ẹni ń fa ẹran.

"Ẹ gbé eegun àbùùbùtán wá!" mo pariwo. Eegun ìhà ẹja àbùùbùtán la fi ń gbé òkúta lọ́dọ̀ wa, torí igi kò sí. "Ẹ mú okùn wá! Kí lẹ̀ ń wò?"

Àwọn ọkùnrin ti ń dìde nígbà tí Oskan na ọ̀pá rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkúta yẹn. Ilé náà ló pa ẹnu ara rẹ̀ dé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ọmọ yẹn wà, bóyá ọ̀dọ̀ wa ni tàbí ọ̀dọ̀ àwọn òkú."

"Bàbá, ó wà lábẹ́ erùpẹ̀!"

"Mo mọ̀, Ilune. Nígbà ayé bàbá bàbá mi, ilé pa ẹnu dé báyìí ní apá ìlà-oòrùn, wọ́n sì tú u. Ẹni tí wọ́n ń wá ti kú. Ikọ́ ló bá wọn jáde. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ mú. Kí ọdún tó yí, àwọn tó kù kò tó láti sin àwọn tó lọ." Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá náà mú. "Bí Tarak bá fọhùn, èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀. Bí kò bá fọhùn títí òkun fi bo Àpáta Dúdú, a ó dí ẹnu ọ̀nà."

Mo wo etíkun. Omi ti ń padà bọ̀, ó ti yí ẹsẹ̀ Àpáta Dúdú ká.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fi òkúta dí i lẹ́nu!" mo sọ. "Ẹ̀yin lẹ ní kó má dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ìbáà jẹ́ èmi! Ẹ kọ́ ọ pé kó dákẹ́, ẹ wá fẹ́ fi ìdákẹ́ ọ̀hún pa á?"

"Òfin ni."

"Ta ló ṣe é?"

"Àwọn tó wà nínú ilé yẹn."

Ká ní ìkà ni Oskan ni, ǹ bá ti bá a jà. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù náà sì ti wọ ara gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀. Àwọn obìnrin ti ń fa ọmọ wọn mọ́ra. Mo mọ̀ pé bí mo bá fọwọ́ ara mi gbẹ́ òkúta yẹn di ọ̀la, kò ní mira. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni.

Moru kọ́kọ́ wọlé lọ pè é. "Tarak! Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni! Àbúrò, jọ̀ọ́, kan ògiri tí o kò bá lè sọ̀rọ̀!" Ó pè títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó jáde, omijé àti ẹrẹ̀ ti dà pọ̀ lójú rẹ̀.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ló wí.

Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó ń rúfin. Tí wọ́n bá ní kó má fọwọ́ kan ẹyin ẹyẹ títí òṣùpá á fi lé, ebi á lù ú dójú ikú, kò ní fọwọ́ kàn án. Ìwà yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ fẹ́ ẹ, òun náà ló wá fẹ́ pa á yìí. Àbí ó ti kú ná? Ẹ má rò pé mi ò rò ó. Bí mo ṣe ń pariwo mọ́ Oskan, inú mi lọ́hùn-ún ń sọ pé bóyá àgbà yìí mọ ohun tó ń sọ, bóyá òkú ni mò ń pè. 

Mo padà wọ inú ọ̀nà náà. Moru tẹ̀ lé mi, ó di kókósẹ̀ mi mú kí erùpẹ̀ má baà bo èmi náà. Mo gbé ẹnu mi lé ihò yẹn.

"Tarak, èmi Ilune ni. Àpá tó wà nítan rẹ, èmi nìkan ló mọ bó ṣe dé ibẹ̀. Àwo wàrà ni mo sọ lù ọ́, a sì sọ fún gbogbo èèyàn pé àpáta lo ti ṣubú. Ta ló tún lè mọ ìyẹn? Dá mi lóhùn."

Kò sí èsì. Erùpẹ̀ díẹ̀ já bọ́ sí mi lọ́rùn.

"Ìwọ lo dá àpá yẹn sí i lára, àbí?" Moru sọ lẹ́yìn mi, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tí kò lè rín in. Ó mí kanlẹ̀. "Má da ara rẹ láàmú, ìyàwó wa. Kò sí àṣírí tí òkú ò mọ̀. Òótọ́ ni ìwọ̀ tí wọ́n fi ń mú èèyàn. Òkú kì í parọ́, Tarak sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí òótọ́ tí o ń sọ bá ṣe ń pọ̀ tó ni ẹ̀rù á ṣe máa bà á tó."

Láti ẹnu ọ̀nà ni ẹnì kan ti pariwo pé omi ti gun ìdajì Àpáta Dúdú.

Òkú kì í parọ́. Mo gbọ́ ọ bí ẹni pé n kò gbọ́ ọ rí. Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ni òkú fi ń pe èèyàn, irọ́ ni alààyè gbọ́dọ̀ fi pè é. Irọ́ tó tóbi ni mo nílò, irọ́ tí Tarak máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ gbuu ni, tó sì máa mọ̀ pé èmi nìkan ló lè pa á. Irọ́ kan ṣoṣo ló tóbi tó bẹ́ẹ̀ ní erékùṣù wa.

Mo ká ètè mi sínú, mo gbé ohùn Benna wọ̀.

"Tarak! Tarak, ọmọ mi! Búrẹ́dì Ilune ló dùn jù nílé ayé! Ibi gbogbo ni mo ti jẹun, mi ò rí irú rẹ̀! Ṣé o ń gbọ́ mi? Inú mi dùn pé òun lo fẹ́! Bí mo bá bí obìnrin, irú rẹ̀ ni ǹ bá fẹ́ kó jẹ́!"

Moru fa kókósẹ̀ mi. "Ilune! Ṣé orí rẹ ti dàrú ni? O ń fi ohùn òkú sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà òkú!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Ìyá yín lè sọ bẹ́ẹ̀ láyé yìí?"

"Rárá."

"Wọ́n lè parọ́ lẹ́yìn ikú?"

Ó dẹ ọwọ́ rẹ̀ lára kókósẹ̀ mi.

"Ẹ wò ó nígbà yẹn. Á mọ̀ pé èmi ni mò ń sín wọn jẹ. Á rẹ́rìn-ín."

Mo dúró de ẹ̀rín rẹ̀. Mo mọ bí ẹ̀rín Tarak ṣe ń bẹ̀rẹ̀, láti imú ni. Mo fi etí lé ihò náà títí etí mi fi tutù bí òkúta ọ̀hún. Kò rẹ́rìn-ín. Mo tún un sọ, mo fi ikọ́ Benna kún un, mo fi bó ṣe ń fa òpin ọ̀rọ̀ kún un. Mo ń fi agbára ti ohùn ìyá náà gba inú ẹkún jáde.

Nígbà náà ni mo gbọ́ nǹkan kékeré kan tó bọ́ sórí òkúta, tó yí lọ díẹ̀, tó sì dúró. Tarak ti tu òkúta ẹnu rẹ̀.

"Mo ń gbọ́ o," ló wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó dà bí ohùn ọmọdé tí wọ́n jí lójú oorun. "Mo wà níbí. Mo ń bọ̀."

Moru ló kọ́kọ́ ké. "Ó fọhùn! Bàbá Oskan, ó fọhùn! Èmi fúnra mi fi etí mi gbọ́ ọ!"

Oskan ju ọ̀pá rẹ̀ nù. Òótọ́ ló sọ, òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀, àgbàlagbà náà ń wú erùpẹ̀ bí ajá. Wọ́n gún eegun àbùùbùtán bọ abẹ́ òkúta náà, ọ̀kan ṣẹ́, wọ́n mú òmíràn. Wọ́n ta okùn mọ́ ọn. Erùpẹ̀ tún rọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn sá sẹ́yìn, wọ́n sì tún padà. Òkun ti bo Àpáta Dúdú ráúráú nígbà tí òkúta náà fì, ọwọ́ kan sì yọ létí rẹ̀, ó dúdú fún ẹrẹ̀, àwọn ìka rẹ̀ ń mira.

Èmi ni mo dì í mú. A fà á jáde sórí koríko. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wú, orí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó pé. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo ń fi aṣọ mi nu ojú rẹ̀, mo ń bú u pé ó fẹ́ sọ mí di opó. Ìmọ́lẹ̀ ń dùn ún lójú, kò lè la ojú náà tán.

"Ìyá mi dà?" ló bi mí jẹ́jẹ́.

"Ìyá wo?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ ni. Ìyá mi ni mo dá lóhùn."

 Mo gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀. "Tarak, èmi ni. Èmi ni mò ń sín wọn jẹ bí mo ṣe máa ń ṣe. Irọ́ ni mo pa, torí kí o lè mọ̀ pé èmi ni."

"Kì í ṣe irọ́," Tarak wí. "Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sọ fún mi nígbà tí àìsàn wọlé sí wọn lára. Wọ́n ní búrẹ́dì rẹ ló dùn jù nílé ayé. Wọ́n ní bí àwọn bá bí obìnrin, irú rẹ ló wu àwọn. Wọ́n wá mú mi búra pé n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ, kí o má baà máa gbéra ga sí àwọn." Omijé ń la ẹrẹ̀ kọjá lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn àfi èmi àti wọn. Mo mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ dáhùn. Mo kàn fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ni."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, torí pé Oskan ti ń bọ̀, erùpẹ̀ kún irùngbọ̀n rẹ̀, gbogbo èèyàn sì ń wọ́ tẹ̀ lé e. Wọ́n pa agbo yí wa ká. Àgbàlagbà náà kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó wo ojú Tarak, ó bi í ní ìbéèrè tí a ń bi ẹni tó bá fọhùn nínú ilé.

"Ta lo dá lóhùn?"

Mo yọwọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀ torí pé kò sí bí n kò ṣe ní yọ ọ́. Tarak kì í rúfin. Tarak kì í parọ́. Mo wo ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ níwájú wa, mo wo àwọn okùn tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin, mo sì ń ronú bóyá èmi nìkan lè gbé e sá lọ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ó wo Oskan pẹ́. Ó yíjú sí mi.

"Ìyàwó mi," ló wí. "Ilune ni mo dá lóhùn."

Ariwo ayọ̀ sọ. Oskan gbá a mọ́ra, Moru sì ń lu gbogbo ẹni tó wà nítòsí lẹ́yìn, ó ń sọ pé òun ò wí bẹ́ẹ̀ ni, pé ohùn obìnrin yìí, kódà òkúta ò lè dá a dúró. Wọ́n gbé Tarak sórí awọ, wọ́n gbé e lọ sídìí iná. Àwọn mélòó kan dúró láti kó òkúta dí ẹnu ọ̀nà, torí Benna ti wọlé, iṣẹ́ sì ti parí. Mo ní kí wọ́n dúró, pé mo gbàgbé aṣọ mi sínú.

Mo rákòrò wọlé dé ibi tí òkúta tó já wà. Mo mọ òfin náà bí mo ti mọ orúkọ ara mi. Inú ilé lọ́hùn-ún dúdú, ó dákẹ́, mo sì mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

"Màmá," ni mo wí, pẹ̀lú ohùn ara mi. "Mo ti gbọ́. Ẹ ṣeun."